Ọwọ́ Ènìyàn Ni Ìwọ̀n Ìtànṣán Wà, Kì Í Ṣe Ọwọ́ Ẹ̀rọ

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń fi ẹ̀rọ CT yẹ ọkàn wò, ó sì ti ràn dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn àti àwọn tó ń buwọ́ lùwé ìnáwó ilé ìwòsàn. Wọ́n gbà pé àwòrán tó bá máa mọ́ kedere gbọ́dọ̀ gba ìtànṣán púpọ̀, àti pé ẹni tó bá fẹ́ dín ìtànṣán náà kù láìba àwòrán jẹ́ kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó lọ ra ẹ̀rọ tó dé kẹ́yìn sọ́jà. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀. Èmi kò gbà. Ẹ̀rí tó ti ń jáde láti ọdún 2007 ń tọ́ka sí ibòmíràn: sí ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ náà, sí ohun tó yàn kó tó tẹ bọ́tìnnì, àti sí dókítà tó máa ń ráhùn bí àwòrán kò bá dán bíi ti inú ìwé ìpolówó.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ yìí kó wá sá fún àyẹ̀wò tí dókítà rẹ̀ ní kó ṣe. Àyẹ̀wò CT ọkàn ń gba ẹ̀mí là. Ní Scotland, ìwádìí SCOT-HEART tẹ̀ lé àwọn ènìyàn 4,146 tí àyà ń dùn. Èsì ọdún márùn-ún rẹ̀ jáde ní 2018: láàárín àwọn tí wọ́n fi CT kún ìtọ́jú wọn, ìdá 2.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn iṣan ọkàn pa tàbí tí wọ́n ní ìkọlù ọkàn. Láàárín àwọn tí wọn kò ṣe é fún, ó jẹ́ 3.9. Láti 2016 ni àjọ NICE, tó ń tọ́ àwọn dókítà ilẹ̀ England sọ́nà, ti fi àyẹ̀wò yìí sí ipò kìíní fún ẹni tí wọ́n bá fura pé ọkàn ló fa àyà tó ń dùn ún. Ohun tó wúlò tó báyìí, tí àwọn tó ń ṣe é sì ń pọ̀ sí i, kò yẹ kí a fi ìtànṣán inú rẹ̀ sílẹ̀ fún àṣà àti ìfẹ́ inú ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ní 2007, Jörg Hausleiter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Munich ní Jámánì kó àkọsílẹ̀ jọ láti ibùdó 50, lórí aláìsàn 1,965. Ìwádìí náà, tí wọ́n pè ní PROTECTION I, jáde ní 2009. Bí a bá to gbogbo aláìsàn náà láti orí ẹni tó gba ìtànṣán kéré jù dé orí ẹni tó gbà á jù, ẹni tó wà láàárín gbùngbùn gba 885 lórí òdiwọ̀n DLP, èyí tó ń ka gbogbo ohun tí ẹ̀rọ tú sí ènìyàn lára láti ìbẹ̀rẹ̀ yíyàwòrán dé òpin rẹ̀. Ó tó 12 mSv, òdiwọ̀n tó ń sọ bí ìtànṣán ṣe ń nípa lórí ara. Ìtànṣán tí ilẹ̀, òfuurufú àti oúnjẹ ń fún olúkúlùkù wa lọ́dọọdún jẹ́ nǹkan bí 2.4 mSv ní ìpíndọ́gba káàkiri ayé, nítorí náà ìtànṣán ọdún márùn-ún ni aláìsàn yẹn gbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Síbẹ̀ kì í ṣe 885 yìí ló dùn mí jù. Ibùdó kan wà tí gbùngbùn tirẹ̀ jẹ́ 331, òmíràn sì wà tí tirẹ̀ jẹ́ 2,146. Àyẹ̀wò kan náà ni, ìran ẹ̀rọ kan náà sì ni.

Àwọn tí mò ń bá jiyàn lè rán mi létí pé ìwádìí yìí kan náà rí i pé irú ẹ̀rọ ní ipa, pé èyí tó ń tú ìtànṣán jù lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó ń tú u kéré jù lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì kò lè ṣàlàyé àlàfo tó ju ìlọ́po mẹ́fà lọ. Ẹ wo ìyókù. Lílo fóòtéèjì 100 kV ń dín ìtànṣán kù ní ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 5 péré nínú àwọn aláìsàn náà ni wọ́n lò ó fún. Yíya àwòrán ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, tí ẹ̀rọ ń dúró de ọkàn, ń dín in kù ní ìdá 78. Ìdá 6 péré ni wọ́n lò ó fún. Irinṣẹ́ tó lágbára jù lọ ni wọ́n lò kéré jù lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí náà kò rí i pé ó ba àwòrán jẹ́ débi tí dókítà kò fi lè kà á.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó wo Michigan ní Amẹ́ríkà. Láàárín 2007 sí 2008, ilé ìwòsàn 15 níbẹ̀ para pọ̀, wọ́n sì ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000. Kì í ṣe ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n gbé lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ ni. Ẹ má ya kọjá ibi tí ọkàn mọ. Ẹ jẹ́ kí lílù ọkàn rọlẹ̀ ná. Ẹ dín iná ẹ̀rọ kù ní àsìkò tí ọkàn bá ń sún kì. Ẹ sọ fóòtéèjì kalẹ̀ fún ẹni tí kò sanra. Ìwọ̀n ìtànṣán já láti 21 mSv sí 10, àwòrán kò sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Kí wá ni mSv 11 yẹn ti ń ṣe fún àwọn aláìsàn Michigan kí ẹ̀kọ́ náà tó dé? Kò ṣe wọ́n ní oore kankan. Ó kàn ń wọ ara wọn lọ ni.

Ó yẹ kí ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ yìí mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, nítorí ibi tí a kò bá ti mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ ni a ti máa ń gbà pé ẹ̀rọ ló mọ̀ ọ́n. Ọkàn kì í dúró jẹ́ẹ́. Bó bá ń lù ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìlù kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú àáyá kan, díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni ọkàn sì fi ń rọlẹ̀ tó kí àwòrán rẹ̀ má ṣe bàìbàì. Ní ọ̀nà àtijọ́, ẹ̀rọ á máa yí, á máa tú ìtànṣán láìdáwọ́ dúró, ibùsùn á máa rìn díẹ̀díẹ̀, débi pé ojú kan náà lára ènìyàn á gba ìtànṣán léraléra. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà á wá ṣa èyí tó bọ́ sí àsìkò ìsinmi ọkàn, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù kò sì ní wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ara ti gbà á ná. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ̀rọ máa ṣọ́ àmì ECG tó ń fi lílù ọkàn hàn, kó tan ìtànṣán kìkì nígbà tí ọkàn bá rọlẹ̀, kó pa á, kó sún ibùsùn síwájú, kó tún dúró. Wọ́n fi ọ̀nà méjèèjì wéra nínú PROTECTION III, aláìsàn 400 tí wọ́n pín sí méjì láìṣojúsàájú. Ìtànṣán ọ̀nà kejì fi ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún kéré, àwòrán sì dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì ń béèrè sùúrù. Ọkàn tó ń sáré ní 85 kò ní ìsinmi tó gùn tó. Ó yẹ kó rọlẹ̀ sí nǹkan bí 60 tàbí 65. Nítorí náà, kí wọ́n fún aláìsàn ní oògùn bíi metoprolol ṣáájú. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi í bóyá ó ní ikọ́ fée, tí kì í bá irú oògùn bẹ́ẹ̀ rẹ́. Kí wọ́n jẹ́ kó jókòó kó fara balẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ ọ bí yóò ṣe di èémí mú kó tó gun orí ibùsùn, torí ẹ̀rù nìkan tó láti mú ọkàn sáré. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ti ẹni tó ń ya àwòrán nìyẹn, ilé iṣẹ́ kankan kì í sì í polówó rẹ̀. Mo gbà gbọ́ pé ìdí pàtàkì tí àwọn ibùdó kan fi rọ̀ mọ́ ọ̀nà àtijọ́ ni pé ó ń jẹ́ kí èrò tètè tán nílẹ̀. Wọ́n ń fi ìtànṣán ra àkókò, aláìsàn ló sì ń sanwó rẹ̀.

Ti fóòtéèjì tilẹ̀ ya ni lẹ́nu jù. Oògùn tí wọ́n ń fà sí ènìyàn lára kí ẹ̀jẹ̀ lè hàn nínú àwòrán ní áyódíìnì nínú, áyódíìnì sì máa ń gbé ìtànṣán mì gan-an bí agbára ìtànṣán náà bá ga díẹ̀ ju 33 keV lọ. Bí a bá sọ fóòtéèjì kalẹ̀ láti 120 sí 100 tàbí 80 kV, ìtànṣán tó ń jáde á túbọ̀ sún mọ́ ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ inú iṣan á sì tàn yòò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìtànṣán dín kù, ohun tí a ń wá sì hàn sí i! Lóòótọ́, hóró tín-ín-tìn-ín inú àwòrán á pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ògiri iṣan ni dókítà ń kà. Nínú PROTECTION II, láàárín aláìsàn 400 tí wọn kò sanra jù, 100 kV dín ìtànṣán kù ní ìdá 31, àwòrán rẹ̀ kò sì rẹ̀yìn ti 120. Kò sí ẹni tó ní láti hùmọ̀ 100 kV. Ó ti wà lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó máa yàn án ni kò tíì pọ̀ tó.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ni pé a ti sọ ẹwà àwòrán di ìwúlò rẹ̀. Hóró inú àwòrán ní òfin tí kò ṣeé bẹ̀: bí o bá fẹ́ kó dín kù sí ìdajì, o ní láti sọ ìtànṣán di ìlọ́po mẹ́rin. Kì í ṣe méjì o, mẹ́rin ni. Ìyẹn ni pé ẹwà tí a fi kún àwòrán tó ti ṣeé kà tẹ́lẹ̀ ló ń gba ìtànṣán jù, òun náà ló sì ń sọ nǹkan tuntun fúnni kéré jù. Dókítà tó ń dá àwòrán padà nítorí hóró tí kò dí i lọ́wọ́ àtirí iṣan ń kọ́ ẹni tó ń darí ẹ̀rọ pé kó gbé ìtànṣán sókè fún gbogbo aláìsàn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ yẹn kò ya òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa bá òun wí nítorí ìtànṣán tó pọ̀, torí ìtànṣán kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní dun aláìsàn nígbà tó bá ń wọlé sí i lára. Àwòrán tó ní hóró ni wọ́n máa ń pariwo lé lórí.

Ohun tó yẹ kí dókítà béèrè ni pé: ìbéèrè wo ni àwòrán yìí wá dáhùn? Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣan ńlá tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ lọ́ mọ́ ọkàn ṣì ṣí, hóró díẹ̀ kò ní da nǹkan rú. Bó bá jẹ́ inú irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ṣí iṣan sílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, irin tí inú rẹ̀ kò fẹ̀ tó mílímítà mẹ́ta, hóró lè fi àìsàn pamọ́, kí wọ́n fún un ní ìtànṣán tó nílò láìkábàámọ̀. Bákan náà ni ẹni tó sanra gan-an, tí 80 kV kò ní lè gba ara rẹ̀ kọjá dáadáa. N kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn gba ìwọ̀n kan náà. Ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ènìyàn gan-an ni àṣà burúkú tí mò ń bá jà, ìwọ̀n tí wọ́n gbé ka orí ẹni tó sanra jù lọ, tí wọ́n wá ń fún ọmọbìnrin tín-ín-rín.

Ọmọbìnrin náà sì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọmú àti ẹ̀dọ̀fóró wà lójú ọ̀nà ìtànṣán tó ń lọ sí ọkàn. Ní 2007, Andrew Einstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Columbia University ṣe ìṣirò ewu jẹjẹrẹ tí àyẹ̀wò CT ọkàn ìgbà náà lè fà: ó jẹ́ ẹnì kan nínú 143 fún obìnrin ẹni ogún ọdún, àti ẹnì kan nínú 3,261 fún ọkùnrin ẹni ọgọ́rin ọdún. Ìṣirò ni, kì í ṣe òkú tí wọ́n kà. Àwọn onímọ̀ kan sì ń jiyàn pé ní ìwọ̀n kékeré báyìí, kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ìtànṣán ń ṣeni ní jàǹbá, pé kí a yéé dààmú ara wa. Àwọn náà lẹ́tọ̀ọ́ sí èrò wọn. Ṣùgbọ́n a kò ní láti dúró kí àríyànjiyàn wọn parí. Ìtànṣán tó dáhùn ìbéèrè dókítà ní ohun tó lè fi gbèjà ara rẹ̀. Èyí tí kò dáhùn ìbéèrè kankan kò ní, ì báà ṣe pé ewu rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́.

Wọ́n á ní ẹ̀rọ tuntun ti yanjú gbogbo èyí. Kò tíì yanjú ẹ̀. Ní 2017, àwọn ará Munich tún ìwádìí wọn ṣe, PROTECTION VI, ní ibùdó 61 ní orílẹ̀-èdè 32, lórí aláìsàn 4,502. Gbùngbùn ti já láti 885 sí 195, ó fi ìdá 78 kéré, àwòrán tí kò ṣeé kà kò sì pọ̀ sí i. Inú mi dùn sí i, n kò sì sẹ́ pé ẹ̀rọ tuntun kó ipa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àwọn olùpolówó kì í kà sétí wa: ibùdó tó lo ìtànṣán kéré jù wà ní 57, èyí tó lò ó jù wà ní 2,090. Ìlọ́po 37 ni! Ibùdó tó gbẹ̀yìn ní 2007 wà ní 2,146. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, èyí tó gbẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì kúrò lójú kan. Bó bá jẹ́ ọjà ló ń gbé ìtànṣán wálẹ̀, àlàfo náà ì bá ti máa dín kù. Ńṣe ló ń fẹ̀ sí i.

Ní 2019, Rebecca Smith-Bindman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ CT mílíọ̀nù méjì wò láti ibùdó 151 ní orílẹ̀-èdè méje. Kì í ṣe ti ọkàn. Ti orí, àyà àti ikùn ni. Wọ́n wò ó bóyá ara àwọn aláìsàn ló fa ìyàtọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò ó bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ tàbí irú ẹ̀rọ ni, ìyàtọ̀ náà ṣì dúró. Ìgbà tí wọ́n wo ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ yàn lórí ẹ̀rọ ni ìyàtọ̀ náà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ gbàgbé 2009. Ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Los Angeles, fún oṣù 18, wọ́n fún àwọn aláìsàn 206 tí wọ́n ń ya ọpọlọ wọn ní ìtànṣán tó tó ìlọ́po mẹ́jọ ohun tó yẹ. Irun orí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í re. Bẹ́ẹ̀ ni àṣírí ṣe tú. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ń ṣe. Nọ́ńbà ìtànṣán sì ń jáde lójú kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́ fún ọdún kan àbọ̀, kò sì sí ẹni tó dá a dúró.

Ohun kan wà tó tún ń bí mi nínú nípa ẹ̀rọ tuntun. Láti nǹkan bí 2009 ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń ta ètò kọ̀ǹpútà tó ń fọ hóró kúrò nínú àwòrán, èyí tó dé kẹ́yìn sì ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ohun rere ni, bí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ: kí wọ́n kọ́kọ́ dín ìtànṣán kù, kí ètò náà wá tún àwòrán ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìtànṣán sílẹ̀ níbi tó wà, tó wá tan ètò náà, á rí àwòrán tó dán gbinrin, aláìsàn kò sì ní rí nǹkan kan gbà. Bí wọ́n bá tún fọ̀ ọ́ jù, ohun kéékèèké tó wà lára ògiri iṣan lè bá hóró lọ. Ríra ètò yìí láìyí ìwọ̀n ìtànṣán padà kì í ṣe ìdínkù ìtànṣán, kò sì yẹ kí ilé ìwòsàn kankan fi ṣe ìpolówó pé òun ti dín in kù.

Àtakò kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n ní ìtànṣán tó burú jù ni ti àyẹ̀wò tó kùnà, torí wọ́n á tún un ṣe, tàbí kí wọ́n ti wáyà bọ iṣan aláìsàn láti wo ohun tí CT kò rí. Mo gbà pátápátá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ oògùn, ìfarabalẹ̀ àti dídi èémí mú. Ohun tó sábà máa ń ba àwòrán ọkàn jẹ́ ni ọkàn tó ń sáré àti aláìsàn tó mí sí i, ìlọ́po ìtànṣán kò sì lè tún èyíkéyìí nínú méjèèjì ṣe.

Ní tiwa ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń fi owó àpò ara wọn sanwó àyẹ̀wò, èrò tí mo ń ta kò yìí ń ṣe wá níbi ju bó ṣe ń ṣe àwọn ará Munich lọ. Ó ń sọ fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ onípele 64 pé kó káwọ́ gbera títí owó ẹ̀rọ tuntun yóò fi dé. Irú ẹ̀rọ yẹn gan-an ni wọ́n fi ṣe PROTECTION I, lórí rẹ̀ ni ibùdó kan sì ti wà ní 331 nígbà tí òmíràn wà ní 2,146. Kí olórí ẹ̀ka àwòrán ní ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ka aláìsàn rẹ̀ mélòó kan, kó wá gbùngbùn DLP wọn, kó sì gbé e ka iwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kó wo iye ìgbà tí wọ́n lo 100 kV. Kó wo bí àwòrán ṣe gùn sókè sí ọrùn àti sísàlẹ̀ sí ikùn kọjá ibi tí ọkàn mọ. Àjọ NNRA, tí òfin gbé ìṣọ́ ìtànṣán lé lọ́wọ́ nílẹ̀ wa, lè béèrè nọ́ńbà wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn tó ń gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo sì fẹ́ kí a máa kọ ìwọ̀n ìtànṣán sínú ìwé èsì. Wọ́n á ní bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù á ba aláìsàn. Aláìsàn tó fara da kí wọ́n sọ fún un pé iṣan ọkàn rẹ̀ ti dí lè fara da nọ́ńbà kan. Dókítà tó ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò náà á sì rí i, á lè fi ti ibùdó kan wé ti òmíràn, á sì mọ ibi tó yẹ kó máa rán ènìyàn lọ. Bí àyẹ̀wò bá ti parí, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á gbé nọ́ńbà DLP jáde sójú kọ̀ǹpútà, á sì fi pamọ́ pẹ̀lú àwọn àwòrán. Kí wọ́n dà á kọ sínú ìwé èsì, lókè, níbi tí orúkọ aláìsàn wà.